Hubert Ògúndé: Ọlọ́pàá Ẹ̀bútè Mẹ́ta tó di bàbá eré ìtàgé

Lóde òní, tí ọ̀dọ́ kan ní Yábàá tàbí Sùúrùlérè bá ní fóònù, tó sì rí ọ̀rẹ́ mẹ́ta kó jọ, fíìmù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí fóònù tó dé rárá ni ọlọ́pàá kan ti ń kó àwọn èèyàn jọ ṣeré ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Hubert Ògúndé lorúkọ ẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Keje, ọdún 1916 ni wọ́n bí i ní Ọ̀sọsà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Orin ṣọ́ọ̀ṣì àti ìlù eégún ló bá a dàgbà. Ó ṣe tíṣà, kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́dún 1941. Ọdún 1943 ni wọ́n gbé e wá sí Ẹ̀bútè Mẹ́ta.

Ìjọ Aládùúrà kan l'Ékòó ń wá owó tí wọ́n máa fi kọ́ ilé ìsìn. Wọ́n ní kí Ògúndé bá wọn ṣe eré. Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà, ọdún 1944 ló gbé eré tó dá lórí ọgbà Édẹ́nì jáde ní gbọ̀ngàn Glover. Eré náà dùn mọ́ àwọn èèyàn débi pé lọ́dún 1945, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó di 1946, ó fiṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀.

Ìpinnu yẹn ò rọrùn o. Alágbe làwọn èèyàn ń pe òṣèré nígbà yẹn, àwọn òbí ò sì fẹ́ kọ́mọbìnrin wọn ṣeré. Ògúndé bá ń fi àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ṣaya, ìdílé rẹ̀ sì di ẹgbẹ́ òṣèré.

Kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló ń bá kiri. Nígbà táwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1945, ó fi ìyà tó jẹ wọ́n ṣeré. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní Jos. Lọ́dún 1964, Yorùbá Ronú bí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nínú. Wọ́n ní kó má ṣeré mọ́ nílẹ̀ wọn. Èkó ò sí lábẹ́ wọn, torí olú ìlú Nàìjíríà ni, ṣùgbọ́n Mushin wà lábẹ́ wọn. Ará Mushin tó bá fẹ́ wo Ògúndé, àfi kó sọdá sápá Èkó. Ọdún 1966 táwọn ológun gbàjọba ni wọ́n tó ká òfin náà kúrò.

Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù. Ayé, tí Ọlá Balógun darí, jáde lọ́dún 1979. Jáyésinmi, Àròpin N'Tènìyàn àti Àyànmọ́ tẹ̀ lé e. Owó ńlá ni fíìmù ń jẹ nígbà náà, òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Bí Ògúndé àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń rówó wọn padà ni pé wọ́n ń gbé fíìmù àti ẹ̀rọ rẹ̀ káàkiri, láti ìlú dé ìlú. Gbọ̀ngàn ìlú àti ti ilé ìwé di ilé sinimá.

Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ kẹrin, oṣù Kẹrin, ọdún 1990, lẹ́ni ọdún 73. Ọ̀sọsà ni wọ́n sin ín sí.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ibi tí wọ́n máa ti fíìmù tiwọn han aráàdúgbò ṣì lè ṣe bíi tiẹ̀: kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ilé ìwé tó wà ládùúgbò wọn. Níbẹ̀ ni Ògúndé náà ti bẹ̀rẹ̀.