Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Ọkọ́ Àwọn Baba Wa

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, ọdún 1909, ni a bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Àgbẹ̀ àti agégẹdú ni baba rẹ̀, Kristẹni sì ni pẹ̀lú. Baba náà kú ní 1920, ọmọ náà sì jìyà púpọ̀ kí ó tó kàwé. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó sì ṣòwò kòkó, kí ó tó di agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946.

Nígbà tí ó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, kòkó ni orísun ọrọ̀ ilẹ̀ wa. Àjọ ìjọba ní í ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ní iye tí ó rẹlẹ̀ sí èyí tí ó ń tà á ní òkè òkun. Èrè tí ó kù wà lára ohun tí ìjọba fi la ọ̀nà, tí ó sì fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní, 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí àwa tí a kàwé má ṣe gbàgbé pé àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé wà lára àwọn tí ó rán wa níléèwé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà bí ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó jáde kò fẹ́ gbé ọkọ́ mọ́. Ìlú ńlá ni ojú wọn wà. Ìjọba Awólọ́wọ̀, pẹ̀lú Olóyè Akin Deko tí í ṣe mínísítà ètò ọ̀gbìn, wo àpẹẹrẹ àwọn abúlé àgbẹ̀ ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì gbé ètò oko sẹ́tílímẹ́ǹtì kalẹ̀ ní 1959. Ọ̀dọ́ yóò kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ìjọba yóò sì fún un ní ilẹ̀, ilé àti owó yíyá. Ìlọrà àti Akufo wà lára ibi tí a dá wọn sí.

Òtítọ́ ni a gbọ́dọ̀ sọ: ètò náà ná ìjọba ní owó gọbọi, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì fi oko sílẹ̀. Igi owó a máa pẹ́ kí ó tó so, ebi kì í sì í dúró dè é. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ti kúrò nípò ní ìparí 1959, ó sì wà lẹ́wọ̀n láti 1963 títí di 1966. Síbẹ̀, nígbà tí ó díje fún ipò Ààrẹ ní 1979, ìdàgbàsókè ìgbèríko jẹ́ ọ̀kan nínú ìlérí mẹ́rin tí ó ṣe. Ó kú ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, 1987.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́. Ìjọba tí ó bá gba èrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀nà, omi àti owó ọjà tí ó tọ́. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ má ṣe sọ oko ríro di ìyà ẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ. Kí Ádámù tó ṣẹ̀ ni Ọlọ́run ti fi í sínú ọgbà láti máa ro ó.