Anders Celsius, Ẹni tí Ó Yẹ Òṣùwọ̀n Wò

Ẹni tí ó bá lọ ra ìrẹsì ní ọjà Ìpọ̀nrí ní Èkó kì í wo ìrẹsì nìkan. A máa yẹ ìdí kóńgò wò pẹ̀lú, kí ó lè mọ̀ bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Òṣùwọ̀n tí a kò yẹ̀ wò lè sọ olóòótọ́ di arẹ́nijẹ láìmọ̀. Irú ìyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni Anders Celsius ṣe fún òṣùwọ̀n ooru àti òtútù.

A bí Celsius ní ìlú Uppsala, ní ilẹ̀ Swídìn, ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1701. Inú ìdílé ọ̀mọ̀wé ni ó ti jáde: baba rẹ̀ àti àwọn baba ńlá rẹ̀ méjèèjì ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì ìlú náà. Òun pẹ̀lú di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ nípa oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ ní 1730. Ní 1736 ó bá àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé lọ sí ìhà àríwá Swídìn, níbi tí òtútù ti mú gidigidi, láti wọn ilẹ̀ ayé. Iṣẹ́ wọn fi hàn pé ayé kò rí roboto délẹ̀; ó tẹ́ díẹ̀ ní òkè àti ní ìsàlẹ̀.

Ní ìgbà náà tẹmọ́mítà pọ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Ọ̀nà tí oníkálukú gbà ń fa ìlà sára tirẹ̀ yàtọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti fi òtútù ìlú kan wé ti ìlú mìíràn. Celsius wá ohun méjì tí a lè gbára lé: yìnyín tí ń yọ́ àti omi tí ń hó. Léraléra ni ó ti tẹmọ́mítà bọ inú yìnyín tí ń yọ́, ojú kan náà ni ó sì ń dúró sí. Ní ti omi híhó, ó kíyè sí i pé ìwúwo afẹ́fẹ́ a máa yí i padà díẹ̀, ó sì ka èyí mọ́ ìṣirò rẹ̀. Ní 1742 ó pín àárín méjèèjì sí ọ̀nà 100. Ó fi 0 fún omi híhó, ó sì fi 100 fún yìnyín.

Ikọ́ ife pa á ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1744, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 42. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí a yí nọ́ḿbà náà padà, tí 0 di ti yìnyín, tí 100 sì di ti omi híhó. Ní 1948 ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ìwọ̀n náà jákèjádò ayé.

Lónìí, àwọn sátẹ́láìtì Meteosat, tí èkínní wọn gòkè ní 1977, ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa láti nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè Òkun Gínì. Bí irinṣẹ́ inú wọn ti ń gbó ni ojú rẹ̀ lè máa ṣìnà, kò sì sí ẹni tí yóò gòkè lọ tún un ṣe. Ọgbọ́n ohun méjì bíi ti Celsius náà ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: a máa kọjú sí òfurufú jíjìn réré, níbi tí òtútù ti lọ sí nǹkan bí 270 nísàlẹ̀ òdo, a sì tún máa wo àwo dúdú kan tí ó wà nínú sátẹ́láìtì náà, tí a mọ bí ó ti gbóná tó. Nípa méjèèjì yìí ni a fi ń mọ bí orí ìkùukùu òjò tí ń bọ̀ sí Èkó ti tutù tó, nítorí bí ó bá ti tutù tó ni ó ti ga tó. Bí òṣùwọ̀n náà bá purọ́, ìkìlọ̀ lè ṣìnà, ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí ọ̀gbàrá ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Celsius kò pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀: kí ènìyàn tó fi òṣùwọ̀n ṣe ìdájọ́, kí ó kọ́kọ́ yẹ òṣùwọ̀n náà wò.