Xu Beihong: Ayàwòrán tó fi ẹṣin bọ́ àwọn tí ogun lé nílé

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni t'ẹ̀yìn ń wò sáré. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Xu Beihong rí, gbajúgbajà ayàwòrán ẹṣin ní ilẹ̀ Ṣáínà, nítorí pé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ di búrọ́ọ̀ṣì mú.

Ọdún 1895 ni wọ́n bí i ní Yixing, ní ìpínlẹ̀ Jiangsu. Olùkọ́ àti ayàwòrán ni bàbá rẹ̀, Xu Dazhang, àmọ́ ilé wọn kò lówó. Láti kékeré ni Xu ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ya àwòrán tà kí wọ́n lè rí oúnjẹ òòjọ́. Ọ̀dọ́ ni nígbà tí bàbá náà kú, ló bá forí lé Shanghai láti wá iṣẹ́ òun ẹ̀kọ́.

Lọ́dún 1919, ó rí owó ìjọba gbà láti lọ kàwé ní Paris. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí egungun àti iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ awọ. Nígbà tó padà sílé lọ́dún 1927, ó pa ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀. Tàdáwà, bébà àti búrọ́ọ̀ṣì àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ń lò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àti àyà ẹṣin rẹ̀ péye bíi ti ẹṣin gidi. Tó bá kan irun ọrùn àti ìrù, yóò kàn ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ni, atẹ́gùn yóò sì dé sára àwòrán. Iṣẹ́ tó nira ni, torí tàdáwà tó bá ti kan bébà kò ṣe é pa rẹ́. Lọ́dún 1929, ó bu ẹnu àtẹ́ lu àwòrán ìgbàlódé irú ti Cézanne àti Matisse ní gbangba. Síbẹ̀, àwọn tó ń wo ìrù ẹṣin rẹ̀ rí i pé òun náà mọ bí a ṣe ń fi ìlà díẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Nígbà tí Jàpáánù gbógun ti Ṣáínà lọ́dún 1937, Xu kó àwòrán rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ó pàtẹ wọn ní Singapore, ní Malaya àti ní Íńdíà, níbi tí akéwì ńlá Rabindranath Tagore ti gbà á lálejò. Owó tó rí níbẹ̀, ó fi ṣètọ́jú àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Penang ló wà lọ́dún 1941 nígbà tó gbọ́ pé ogun tún ti dé Changsha. Ìdààmú ọkàn ọjọ́ náà ló bí ẹṣin asáré kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Bíi púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin rẹ̀, kò ní gàárì, kò ní ìjánu.

Lẹ́yìn ogun, òun ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba fún iṣẹ́ ọnà ní Beijing. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló pa á ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1953, lẹ́ni ọdún 58.

Liao Jingwen, ìyàwó rẹ̀, ìbá ti di olówó ńlá ká ní ó ta àwọn àwòrán tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kó ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn fún ìjọba, wọ́n sì fi dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní orúkọ Xu ní Beijing. Bí ọkọ ṣe fi ẹṣin tọrẹ nígbà ayé rẹ̀ ni aya náà ṣe fi tọrẹ lẹ́yìn ikú rẹ̀.