John Wesley: Àlùfáà tí ẹ̀rù ikú bà lójú agbami, kó tó rí ìfọ̀kànbalẹ̀

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá tí wọn kò ti mọ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Ìjọ Elétò. Ọjọ́ 24, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Badagry, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì ti Sierra Leone padà wálé, ti ń bẹ̀bẹ̀ pé àwọn ń fẹ́ ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn lọ́rọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó ń jókòó nínú ìjọ náà lọ́jọ́ Ìsinmi ni kò mọ̀ pé John Wesley, ẹni tó dá a sílẹ̀, ti ń wọ aṣọ àlùfáà fún bí ọdún mẹ́wàá kó tó hàn sí i gbangba pé ọkàn òun alára kò balẹ̀ rárá, pé ẹ̀rù ikú ń ba òun bí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Jésù rí.

Ìlú Epworth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 1703. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni Samuel, bàbá rẹ̀. Susanna, ìyá rẹ̀, bí ọmọ 19, kò sì gba ìgbàkugbà fún ọ̀kankan nínú àwọn tó yè. Lọ́dún 1709, nígbà tí John kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà, iná sọ nínú ilé wọn lóru. Àwọn ará ilé ti sá jáde kí wọ́n tó rí i pé ọmọ náà ṣì wà lókè. Àwọn ará àdúgbò gun èjìká ara wọn, wọ́n sì fà á jáde lójú fèrèsé kí òrùlé tó wó lulẹ̀. Àtìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti gbà pé ó ní ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi ọmọ yìí ṣe. Irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ dára, àmọ́ ẹrù ńlá ni fún ọmọdé láti rù.

Ní Yunifásítì Oxford, níbi tó ti kàwé tó sì di olùkọ́, òun àti Charles, àbúrò rẹ̀, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ jọ. Wọ́n ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, wọ́n ń fún tálákà lówó, wọ́n sì ní wákàtí fún ohun gbogbo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní elétò. Ibẹ̀ ni orúkọ ìjọ náà ti wá. Wesley a máa kọ ohun tó fi àsìkò rẹ̀ ṣe sínú ìwé, bí oníṣòwò ṣe ń ṣírò ọjà, kó lè mọ ibi tí òun dé lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ìṣirò náà kò pé rí.

Lóṣù kẹwàá, ọdún 1735, ó wọ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Simmonds, ó forí lé Georgia, ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀dó sí ní Amẹ́ríkà. Ó ní òun ń lọ wàásù fún àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà. Àwọn Kristẹni kan tí wọ́n ń pè ní Moravia, tí wọ́n wá láti Jámánì, wà nínú ọkọ̀ náà. Iṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kà sí iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n ń bá èèyàn ṣe, wọn kò gba owó; bí ẹnì kan bá tì wọ́n ṣubú, wọ́n á dìde, wọ́n á bá tiwọn lọ.

Lọ́jọ́ 25, oṣù kìíní, ọdún 1736, ìjì líle kan dé. Kì í ṣe àkọ́kọ́ nínú ìrìn àjò náà, ṣùgbọ́n òun ló burú jù. Ìgbì òkun fa ìgbòkun ńlá ya, ó bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀, omi ń ya wọlé bí ẹni pé ibú fẹ́ gbé gbogbo wọn mì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi igbe ta. Orin Sáàmù ni àwọn Moravia ń kọ lọ́wọ́ nígbà náà, wọn kò sì dá orin náà dúró. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, Wesley bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ẹ̀rù kò bà á. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní rárá. Wesley tún béèrè nípa àwọn obìnrin àti ọmọdé wọn. Ó ní àwọn náà kò bẹ̀rù àtikú. Àlùfáà tó ń wàásù fún wọn nínú ọkọ̀ mọ̀ pé òun kò lè dáhùn bẹ́ẹ̀.

Georgia kò ṣe é lóore. Ìfẹ́ ọmọbìnrin kan, Sophia Hopkey, wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò lè pinnu, ọmọbìnrin náà sì fẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí Wesley fi Ìdàpọ̀ Mímọ́ dù ú lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ní ìparí ọdún 1737, ó sá kúrò ní Savannah. Lórí òkun, bó ṣe ń padà bọ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun tí òun lọ yí àwọn ẹlòmíràn lọ́kàn padà, òun fúnra òun kò tíì yí padà.

Nílùú London, lóṣù kejì ọdún 1738, ó pàdé Peter Böhler, ọmọ Moravia. Ọmọ ọdún 25 ni Böhler, Wesley ti pé 34, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n ló jókòó tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àbúrò. Böhler sọ fún un pé kì í ṣe ààwẹ̀ àti ìṣirò wákàtí ló ń ra ìgbàlà, ẹ̀bùn ni. Wesley rò pé kí òun dákẹ́ ìwàásù nígbà tí òun kò ní ìgbàgbọ́ ọ̀hún. Böhler ní kó má dákẹ́, kó máa wàásù rẹ̀ títí yóò fi ní in.

Lálẹ́ ọjọ́ 24, oṣù karùn-ún ọdún náà, ó lọ sí ìpàdé kan ní òpópónà Aldersgate. Kò wù ú láti lọ. Ẹnì kan ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Martin Luther kọ sí ìwé Róòmù. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú 15 kí aago mẹ́sàn-án lù, Wesley ní ọkàn òun móoru lọ́nà àràmàǹdà, ó sì dá òun lójú pé Kristi ti kó ẹ̀ṣẹ̀ òun lọ, àní ti òun.

Àwọn tó ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo rẹ̀ parí kò ṣe òótọ́ sí i. Nígbà tó délé lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ìdánwò tún gbógun tì í. Lóṣù kìíní ọdún 1739, ó kọ ọ́ pé òun kì í ṣe Kristẹni. Lọ́dún 1766, tó ti di gbajúmọ̀ oníwàásù, ó kọ lẹ́tà sí Charles pé òun kò nífẹ̀ẹ́ Ọlọ́run rí bó ṣe yẹ, àti pé bí ẹ̀rù kan bá kù lọ́kàn òun, kì í ṣe ti ọ̀run àpáàdì, ẹ̀rù kí òun má di asán ni. Síbẹ̀, nínú lẹ́tà kan náà, ó ní òun kò lè wàásù ohun mìíràn.

Ohun tó yí padà hàn nínú ìwà rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Lóṣù kẹwàá, ọdún 1743, àwọn jàǹdùkú ká a mọ́lé ní Wednesbury. Wọ́n wọ́ ọ kiri nínú òjò àti òkùnkùn, láti ọ̀dọ̀ adájọ́ kan dé òmíràn, àwọn adájọ́ kò sì dá wọn lóhùn. Ẹnì kan ń na kùmọ̀ sí i lórí lẹ́yìn, kò bà á. Wesley ní ọkàn òun balẹ̀ látòkè délẹ̀ bí ìgbà tí òun jókòó nínú yàrá ìwé òun. Ohun kan ṣoṣo tó kọ òun lóminú ni pé bí wọ́n bá ju òun sódò, omi lè ba àwọn ìwé tó wà lápò òun jẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, olórí àwọn jàǹdùkú náà ló padà gbà á sílẹ̀.

Ó gun ẹṣin káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ. Ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú opó kan, Mary Vazeille, lọ́dún 1751, kò tòrò. Wọ́n ti sin obìnrin náà lọ́dún 1781 kí Wesley tó gbọ́ pé ó kú. Lọ́jọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 1791, ó kọ lẹ́tà sí William Wilberforce pé kó má ṣe rẹ̀wẹ̀sì nínú ìjà tó ń bá òwò ẹrú jà. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó dùbúlẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní òpópónà City Road, ní London. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ orin kan tí Isaac Watts kọ. Ó sọ fún àwọn tó yí i ká pé èyí tó dára jù ni pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú àwọn. Ó kú lọ́jọ́ 2, oṣù kẹta, ní ẹni ọdún 87. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n má lo ọkọ̀ òkú, kí tálákà mẹ́fà gbé òun lọ sí sàréè, kí wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní pọ́n-ùn kan. Ìdájí ni wọ́n sin ín.