Niels Stensen, ẹni tí ó mọ èyín ẹja nínú òkúta

Bí àgbẹ̀ bá rí òkúta tí ó dà bí àáké nínú oko lẹ́yìn òjò, ẹdùn àrá ni a máa ń pè é. Ní ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, àwọn ènìyàn ń rí òkúta mìíràn, tí ó mú ṣóńṣó, tí ó sì ń dán. Ahọ́n òkúta ni wọ́n pè é. Àwọn kan ní ojú ọ̀run ni ó ti já bọ́. Àwọn mìíràn ní ahọ́n ejò ni, tí ó di òkúta. Wọ́n tilẹ̀ ń lò ó bí oògùn májèlé.

Ọkùnrin kan ṣe ìwádìí òkúta yìí dáadáa. Orúkọ rẹ̀ ni Niels Stensen. Àwọn Faransé ń pè é ní Nicolas Sténon.

A bí i ní ọdún 1638 ní Copenhagen, olú ìlú Dẹ́nímáàkì. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá rẹ̀. Ara rẹ̀ kò le nígbà èwe, bàbá rẹ̀ sì kú nígbà tí ó ṣì kéré. Síbẹ̀, ó kàwé, ó sì kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ní ọdún 1660, bí ó ti ń la orí àgùntàn ní Amsterdam, ó rí ọ̀nà tóóró tí itọ́ ń gbà láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọ ẹnu. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà náà títí di òní. Lẹ́yìn náà, ó fi hàn pé iṣan ni ọkàn-àyà jẹ́.

Ní ọdún 1666, ó dé Florence ní Ítálì. Ferdinand kejì ni ó ń ṣàkóso níbẹ̀, ó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn apẹja mú àkurákudà ńlá kan lẹ́bàá Livorno. Ferdinand ní kí wọ́n gbé orí rẹ̀ fún Stensen. Ó là á, ó wo èyín rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi wọ́n wé ahọ́n òkúta. Wọ́n jọra bí ìbejì.

Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Fabio Colonna, ará Ítálì, ti sọ ọ́ ní ọdún 1616. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ṣì gbà pé inú ilẹ̀ ni òkúta náà ti ń hù. Báwo ni èyín ẹja òkun ṣe lè wọ inú àpáta lórí òkè?

Stensen kò yára dájọ́. Ó ronú báyìí: gbòǹgbò tí ó bá hù nínú ilẹ̀ líle a máa wọ́, gẹ́gẹ́ bí iṣu tí ó ta lórí òkúta. Àwọn ahọ́n òkúta kò wọ́ rárá. Nítorí náà, ilẹ̀ ti ní láti rọ̀ bí ẹrẹ̀ nígbà tí wọ́n bọ́ sínú rẹ̀, omi sì ti ní láti bo ibẹ̀ rí. Ní ọdún 1669, ó tẹ ìwé jáde. Ó ṣàlàyé pé ilẹ̀ wà ní ìpele-ìpele, bí ògiri ilé amọ̀: ìpele ìsàlẹ̀ ni ó ṣáájú èyí tí ó wà lórí rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ó fi pa irú ìwádìí yìí tì. Ó ti di ọmọ ìjọ Kátólíìkì ní ọdún 1667. Ó di àlùfáà ní 1675, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1677. Ó ta òrùka àti àgbélébùú oyè rẹ̀ láti ran àwọn tálákà lọ́wọ́. Ó kú nínú òṣì ní Schwerin, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1686. Ẹni ọdún 48 ni.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá. Ní Hahotoé àti Kpogamé ní Tógò, níbi tí wọ́n ti ń wa fọ́sífáàtì, èyín àkurákudà wà nínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkun kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní ẹkùn Plateau tiwa, òkúta tí wọ́n ń wà ní Onígbólò fún símẹ́ǹtì, ìsàlẹ̀ òkun ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Egungun àkurákudà rọ̀ bí etí ènìyàn, nítorí náà ó máa ń jẹrà. Èyín rẹ̀ ni ó ń kù. Ẹyọ àkurákudà kan sì ń pàdánù ẹgbẹẹgbẹ̀rún èyín kí ó tó kú. Àwọn mìíràn kò tó ẹyọ ìrẹsì. Bí odò bá wọ́ ilẹ̀ irú ibẹ̀, ó lè gbé wọn wá sínú yanrìn. Ẹni tí ó bá ń wá wọn yóò fi asẹ́ fọ yanrìn náà, yóò sá a gbẹ, yóò sì fi dígí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ṣóńṣó èyín náà ń dán; ìdí rẹ̀ kò dán tó bẹ́ẹ̀, ó sì sábà máa ń pín sí méjì. Etí àwọn kan rí bí ayùn.

Kí ẹni tí ó bá rí ọ̀kan ní Ìfọ̀nyìn tàbí níbòmíràn má ṣe jù ú nù. Kí ó kọ orúkọ odò náà, ibi tí ó ti rí i àti ọjọ́ tí ó rí i sínú ìwé. Bí a kò bá mọ ibi tí èyín ti wá, a kò lè mọ ìpele ilẹ̀ tí ó ti jáde, a kò sì lè mọ bí ó ti pẹ́ tó.