Charles Dickens, Ọmọ Ajigbèsè

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ ìtàn Scrooge, ahun nì tí ó ronú pìwà dà ní alẹ́ Kérésìmesì. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ ibi tí ẹni tí ó kọ ìtàn náà ti bá òṣì pàdé.

Ní ọjọ́ keje oṣù Kejì ọdún 1812 ni a bí Charles Dickens ní ìlú Portsmouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akọ̀wé ìjọba ni baba rẹ̀, ọlọ́yàyà ènìyàn, ṣùgbọ́n ìnáwó rẹ̀ a máa ju owó oṣù rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1824, nítorí gbèsè pọ́ọ̀n 40 àti ṣílè 10 tí ó jẹ oníbúrẹ́dì kan, a gbé e lọ sí Marshalsea, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn ajigbèsè ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ kékeré kó lọ bá a níbẹ̀. Charles kò bá wọn lọ. Ọmọ ọdún 12 ni, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ilé ahẹrẹpẹ kan lẹ́bàá odò Thames, tí eku kún fọ́fọ́, níbi tí ó ti ń lẹ ìwé mọ́ ìkòkò oje dúdú tí a fi ń kun bàtà. Bí ṣílè 6 ni owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi ni ó ń lọ wo baba rẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, a dá baba sílẹ̀. Nígbà tí ó sì yá, baba yọ ọmọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìyá fẹ́ kí ó padà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn Charles mọ́. John Forster, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni ó fi àṣírí náà hàn; ayé kò gbọ́ ọ títí ó fi kú.

Ní ọdún 1834 ni a ṣe òfin tí ó lé àwọn tálákà sínú ilé ìṣẹ́, níbi tí a ti ń ya ọkọ kúrò lára aya. Ní ọdún 1843, Dickens, tí ó ti di olókìkí òǹkọ̀wé, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ alákìísà ní Field Lane. Ohun tí ó rí níbẹ̀ bà á lọ́kàn jẹ́. Ó kọ́kọ́ fẹ́ tẹ ìwé pélébé láti fi bẹ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ó rí i pé ìtàn yóò wọni lára ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó parí A Christmas Carol. Ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ni ó jáde, ẹ̀dà 6,000 sì tán kí Kérésìmesì tó dé.

Ẹ kíyè sí i pé a kò wàásù fún Scrooge kí ó tó yí padà. A mú un lọ wo ara rẹ̀ ní ọmọdé, ní òun nìkan nínú iyàrá ẹ̀kọ́. A mú un wọ ilé akọ̀wé rẹ̀, ẹni tí ń fi ṣílè 15 lọ́sẹ̀ bọ́ aya àti ọmọ. A sì mú un dé ojú ibojì ara rẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí ó gún ni jù ni ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí ahun náà ti béèrè bóyá kò sí ẹ̀wọ̀n fún àwọn tálákà. Ọmọ ẹlẹ́wọ̀n ni ó kọ ìbéèrè yẹn.

Kò fi í mọ sí orí ìwé. Ní ọdún 1847, òun àti Angela Burdett-Coutts, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, ṣí ilé kan ní Shepherd's Bush fún àwọn obìnrin tí wọ́n ti ṣubú. Coutts ń san owó, Dickens ń ṣe àbójútó; àní aṣọ wọn pàápàá ni ó bá wọn yàn, ó sì fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ dùn ún wò. Wọ́n kọ́ ìwé àti iṣẹ́ ilé, ọ̀pọ̀ sì wọ ọkọ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ ayé ọ̀tun ní òkè òkun. Àwọn mìíràn sá lọ.

Kò yẹ kí a fi ìyókù pamọ́. Ní ọdún 1858, ọdún tí ó bá ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Great Ormond Street tọrọ owó, ni ó kọ Catherine sílẹ̀ láìbá a gbé mọ́, ìyàwó tí ó bí ọmọ mẹ́wàá fún un, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn. Ní ti ìyá rẹ̀, ẹni tí ó kú ní ọdún 1863, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ pé òun kò lè gbàgbé. Ó dárí ji Scrooge.

Ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1870 ni ó kú, ní ẹni ọdún 58. Ó ti ní kí a má ṣe ayẹyẹ kankan lórí òkú òun, nítorí náà ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó sin ín ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ní Westminster Abbey. Ṣùgbọ́n a kò tètè bo ibojì náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tò kọjá, wọ́n sì ń ju òdòdó sínú rẹ̀, títí kan èyí tí a fi àkísà dì.