Susanna Wesley: Àlàáfíà Tí Ó Dé Ní Ọjọ́ Alẹ́

A kì í dárúkọ Susanna Wesley nínú ẹgbẹ́ wa láìrántí ọmọ mọ́kàndínlógún tí ó bí, àti bí ó ti tọ́ John àti Charles. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ ti rí àlàáfíà ni a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí kò tètè rí i.

London ni wọ́n bí i sí ní 1669. Àlùfáà ni Samuel Annesley, bàbá rẹ̀. Òun sì ni àbígbẹ̀yìn. Ní 1688 ó fẹ́ Samuel Wesley, ẹni tí ó di àlùfáà ní Epworth. Ojú rẹ̀ rí tó níbẹ̀. Mẹ́wàá péré nínú àwọn ọmọ náà ni ó dàgbà. Ní 1705 wọ́n ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé nítorí gbèsè. Ní 1709 iná jó ilé wọn, díẹ̀ ni ó kù kí ó jó John, ọmọ ọdún márùn-ún, mọ́ ọn.

Ìrẹ́pọ̀ pàápàá kò rọrùn. Ní nǹkan bí 1701 sí 1702, ọkọ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe Àmín sí àdúrà fún Ọba William, nítorí lójú tirẹ̀, ìdílé Ọba James tí wọ́n lé ni ìtẹ́ tọ́ sí. Ọkọ bínú, ó ní àwọn kò ní sùn lórí ibùsùn kan mọ́, ó sì lọ sí London. Ọba náà kú ní March 1702, ìjà sì parí nígbà tí ó yá. Ní June 1703 ni wọ́n bí John. Ẹ gbọ́ ná: ọmọ ìparí ìjà ni bàbá ìjọ wa!

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1712, nígbà tí ọkọ wà ní ìpàdé àwọn àlùfáà ní London, Susanna ń kó àwọn ọmọ jọ fún àdúrà nínú ilé ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Aládùúgbò kan ń mú èkejì wá, títí wọ́n fi tó igba ènìyàn. Igbákejì àlùfáà fi ẹjọ́ sùn, ọkọ sì kọ̀wé pé kí ó dáwọ́ dúró. Susanna kò bú u. Ó fèsì pé bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó pàṣẹ rẹ̀ pàtó, kí ẹ̀bi má bàa wà lọ́rùn òun níwájú Ọlọ́run. Ìpàdé náà kò dúró.

Síbẹ̀, obìnrin yìí tí ó ti ń gbàdúrà láti kékeré kò ní ìdánilójú pé a ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ òun jì. Ó rò pé ẹ̀bùn àwọn díẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1735, ó sì ń ti ilé ọmọ kan dé ilé òmíràn. Ní 1739, ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó wá síbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Bí ọkọ ọmọ rẹ̀, àlùfáà Westley Hall, ti ń gbé ago fún un, ọ̀rọ̀ tí ó ti ń gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó sì mọ̀ dájú pé Ọlọ́run ti dárí ji òun nítorí Kristi.

Charles kọ ọ́ sójú ibojì rẹ̀ pé àádọ́rin ọdún ni ìyá àwọn fi wà nínú òru òfin. Àwa kò fi gbogbo ẹnu gbà á. Ẹni tí ó sin ọmọ mẹ́sàn-án tí kò sì fi Ọlọ́run sílẹ̀ kò sí nínú òru pátápátá. Ìdánilójú ni kò ní.

Ní July 1742, ní Foundery, ilé ìsìn John ní London, ó ní kí àwọn ọmọ òun kọ orin ìyìn sí Ọlọ́run ní kété tí òun bá ti lọ. John àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin dúró yí ibùsùn ká, wọ́n sì kọ ọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní September 1842, ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Bunhill Fields ni wọ́n sin Susanna sí. Ẹni tí ó bá jáde ní Wesley's Chapel ní City Road, títì kan ṣoṣo ni yóò sọdá.